Kí Òrìṣà Ya Ọnà Ire Kò Wá: Àyẹ̀wò Oyún àti Ọ̀rọ̀ Down Syndrome

 

Láyé àwọn bàbá wa, aboyún kì í kọjá níwájú àgbàlagbà kí wọ́n má ṣe àdúrà kan fún un: kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá. Àwa náà ṣì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ohun tí àdúrà náà ń sọ. Iṣẹ́ ọnà ni ó pe ọmọ inú oyún. Ọbàtálá, Òrìṣà-ńlá, ni oníṣẹ́ ọnà náà. Inú òkùnkùn ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ọjọ́ tó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ni gbogbo ayé ń rí i.

Lónìí, àwọn oníṣègùn òyìnbó ti rí fèrèsé kan sí ara ilé iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ń yọjú wo ọmọ nígbà tí oyún kò tíì tó oṣù mẹ́ta àbọ̀, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà sọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn rí. Ṣé ó yẹ kí á yọjú? Tí a bá yọjú, kí ni kí á fi ohun tí a rí ṣe? Ìdílé kan láti Ayewa ló gbé ìbéèrè yìí wá bá mi lóṣù tó kọjá, wọ́n sì yọ̀ǹda kí n kọ ọ́ síbí, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ayewa wà lágbègbè Kàbbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín àwọn ènìyàn wa tí à ń pè ní Òkun. Ẹ̀yin tí ẹ kò dé ọ̀hún rí, Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n: Òwé tó ni Kàbbà, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà, Ọ̀wọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, "Òkun o," ló di orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo wọn. Bàbá ìdílé tí mo ń sọ yìí, babaláwo ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àkọ́bí wọn obìnrin ń gbé ní London pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ẹni ọdún 41 ni, oyún sì wà nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè mí.

"Òkun o, Bàbá Awo."

"Òkun o, Ìyá wa. Ṣé kò sí o?"

"Ó wà o. Ọmọ mi ní wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun ní ọsibítù, wọ́n ní ọ̀kan nínú ogójì ni. Ọ̀kan nínú ogójì báwo? Ṣé ogójì ọmọ ló lóyún rẹ̀ ni? Wọ́n tún ní bó bá fẹ́, àwọn á fi abẹ́rẹ́ gún un níkùn. Bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ gbà. Ọmọ ń sunkún níbẹ̀, bàbá ń bínú níbí. Ẹ bá wa dá sí i."

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ogójì yẹn, nítorí kì í ṣe ìyá yìí nìkan ló rú lójú.

Nínú ara ẹ̀dá, àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, kírómósóòmù ni wọ́n ń pè wọ́n. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ń wà: 23 láti ara ìyá, 23 láti ara bàbá, wọ́n sì fi nọ́ńbà sọ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà mìíràn, ìkọkànlélógún á wá ní mẹ́ta dípò méjì. Ọmọ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n ń pè ní ọmọ Down syndrome. John Langdon Down, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1866. Kò mọ ohun tó fà á. Ọdún 1959 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, tí Jérôme Lejeune àti Marthe Gautier wà lára wọn, tó gbé e jáde pé fọ́nrán kẹta yẹn ni.

Ojú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gùn sókè díẹ̀ ní ìkángun, ara rẹ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó jókòó, kó tó rìn, kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ kì í sì tètè wọ̀ ọ́ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jókòó, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. N kò pè é ní àrùn nínú ìwé yìí, nítorí kì í ràn, kò sì sí oògùn tí à ń lò kó lọ. Bí a ṣe dá ẹni náà ni.

Ẹnikẹ́ni lè bí i. Ọjọ́ orí ìyá ló ń mú un wọ́pọ̀ sí i. Obìnrin ẹni ogún ọdún, bíi ọ̀kan nínú 1,500. Ẹni ọdún 35, bíi ọ̀kan nínú 350. Ẹni ogójì ọdún, bíi ọ̀kan nínú 100. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló ń bímọ jù, ọwọ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń jáde. Kì í ṣe àjẹ́ ilé ọkọ ló fà á. Kì í ṣe ohun tí aboyún jẹ tàbí ibi tó rìn kọjá lọ́sàn-án gangan. Nǹkan bíi márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ tí ẹyin àti àtọ̀ pàdé ló ti wà bẹ́ẹ̀, láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀nba díẹ̀, bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ni fọ́nrán náà ti so mọ́ òmíràn lára. Irú ìyẹn lè jẹ́ pé ìyá tàbí bàbá ló gbé e, ó sì lè tún wáyé nínú oyún mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wo fọ́nrán ọmọ náà kó tó tún lóyún.

Mo wá sọ fún Ìyá pé kó fojú inú wo ogójì owó ẹyọ nínú igbá kan. Wọ́n fi ẹfun sàmì sí ẹyọ kan ṣoṣo. Kó di ojú, kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó mú ọ̀kan. Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ogójì obìnrin tó bá gba irú ìwé yẹn, mọ́kàndínlógójì ni kò ní bí ọmọ Down. Ẹ̀rù ọ̀kan tó kù yẹn ló ń bà wọ́n.

"Háà," ó ní, "wọn ò tíì mọ̀ nígbà náà?"

Wọn ò tíì mọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ aboyún ti ń ṣìnà, níbi tí wọ́n ti ń gba ìfura bí ẹni gba ìdájọ́. Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà. Àwa tí a ń ṣe Ifá kò yẹ kó ṣòro fún láti mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀, nítorí a ní ọ̀pẹ̀lẹ̀, a sì ní ikin. Ọ̀rọ̀ kíákíá, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọ̀pẹ̀lẹ̀ là ń gbé sọlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, a ó lọ gbé ikin. (Ẹ má sọ pé mo ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń parọ́ o. Àfiwé kì í bá nǹkan dọ́gba tán.) Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ àwọn dókítà dà bíi ọ̀pẹ̀lẹ̀: wọ́n ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan, ó sì kàn ń sọ bí nǹkan ṣe ṣeé ṣe tó ni. Ìkejì ló dà bíi ikin.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọsibítù ìjọba máa ń fi àkọ́kọ́ lọ gbogbo aboyún láàárín ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkẹrìnlá. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni mo ń wí o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ òrìṣà. Ẹni bá fi ọ̀sẹ̀ òrìṣà kà á yóò tètè dé ọsibítù kí ọmọ tó tóbi tó ohun tí wọ́n lè wọ̀n. Wọ́n á fi scan wọn omi tó wà lẹ́yìn ọrùn ọmọ, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ìyá, wọ́n á ro ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà á sì jáde. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n á gbà títí dé ọ̀sẹ̀ ogún. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ ọ̀kan nínú 150 tàbí tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fún obìnrin náà ní ọ̀nà mẹ́ta: kó dúró síbẹ̀, kó má ṣe nǹkan kan mọ́, tàbí kó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní NIPT, tàbí kó lọ tààrà síbi abẹ́rẹ́.

NIPT yìí wú mi lórí. Lọ́dún 1997, Dennis Lo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé díẹ̀ lára àmì ìran ọmọ inú oyún máa ń ṣàn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aboyún, ọdún 2021 sì ni ọsibítù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú un wọnú ètò wọn. Láti ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni wọ́n ti lè ṣe é, apá ìyá ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún oyún tó jẹ́ ti Down, ó ń rí bíi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Síbẹ̀, kì í ṣe ikin. Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá lára ọ̀dọ́bìnrin: láàárín àwọn ẹni ọdún 25 tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni fún, a lè rí i pé bíi ìdajì wọn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ túbọ̀ ṣeé gbára lé.

Abẹ́rẹ́ ni ikin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kọkànlá sí ìkẹrìnlá, wọ́n lè bu díẹ̀ lára ibi ọmọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún lọ, wọ́n lè fa díẹ̀ nínú omi tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Wọn kì í gún ọmọ fúnra rẹ̀, scan ni wọ́n fi ń ṣọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Wọ́n á ka fọ́nrán náà, wọ́n á sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ewu rẹ̀ ni pé oyún lè bàjẹ́. Lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò tó ọ̀kan nínú igba. Ó kéré, àmọ́ kì í ṣe òfo, obìnrin ẹni ọdún 41 tó ti ń wá ọmọ kò sì ní gbọ́ "ọ̀kan nínú igba" bí èmi àti ẹ̀yin ṣe gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì ni mo bá bàbá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn.

"Ìwọ tí o ń kọ̀wé nípa Ifá nínú ìwé ìròyìn," ó ní, "ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ìkòkò nígbà tí amọ̀kòkò ṣì ń mọ ọ́n lọ́wọ́? Ta ní ń fi abẹ́rẹ́ gún amọ̀ lọ́wọ́ Òrìṣà?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Nígbà tí wọ́n pè yín pé ọmọ yín lóyún, ṣé ẹ kò dá Ifá?"

"Mo dá a."

"Kí lẹ bi Ifá?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo bi í bóyá ọmọ á wá láyọ̀, bóyá ìyá á sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀."

"Bàbá mi, ẹ ti yọjú nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti borí. Àgbà awo ni, kò pẹ́ tó fi dá a padà fún mi. Ó ní, "Èmi yọjú lóòótọ́. Ifá tí mo bi fún mi ní ẹbọ, mo sì rú u. Dókítà yín tó yọjú, ẹbọ wo ló fún ọmọ mi?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí wọra, mo sì ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Ní London, èsì àyẹ̀wò lè mú ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá oyún náà dúró wá. Òfin wọn ti ọdún 1967, bí wọ́n ṣe tún un ṣe lọ́dún 1990, fàyè gbà á títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún fún onírúurú ìdí, kò sì fi gbèdéke kankan sí i bí wọ́n bá ní ó ṣeé ṣe gidigidi kí ọmọ náà ní àbùkù tó le. Heidi Crowter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní Down syndrome fúnra rẹ̀, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ó ní òfin náà ń sọ fún irú òun pé ayé kò fẹ́ wọn. Ilé ẹjọ́ gíga kò dá a láre lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà kò dá a láre lọ́dún 2022. Ní orílẹ̀-èdè Iceland, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oyún tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé Down ni ni wọ́n ń dá dúró. Nílé wa ńkọ́? Penal Code tí wọ́n ń lò ní Àríwá, tí Kogí wà lára rẹ̀, abala 232, ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wá, àfi bó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là. Ìdílé kan náà ni, òfin méjì ni: ọ̀kan ní Ayewa, ọ̀kan ní London.

N kò jókòó láti ṣe adájọ́ obìnrin kankan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Ifá ní gbólóhùn kan ṣoṣo fún gbogbo aboyún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olúkúlùkù ni Ifá ń dá lóhùn, odù tó bá jáde fún ẹni, orí ẹni náà ló ń bá wí.

Ohun tí mo mọ̀ ni ìtàn Ọbàtálá. Ẹ ti gbọ́ ọ: ó mu ẹmu, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ó sì mọ abuké, àfín, aràrá àti arọ. Bí àwọn kan ṣe ń sọ ìtàn yìí kì í tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ibi ẹmu ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Nígbà tí ojú Òrìṣà wálẹ̀, kò fọ́ amọ̀ náà, kò dà á nù. Ó ní tòun ni wọ́n. Ó sọ ẹmu di èèwọ̀ fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo ẹni tó ń sìn ín, ó sì gba àwọn ẹ̀dá wọ̀nyẹn bí ẹni òrìṣà. Títí dòní, ẹni tó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Òrìṣà ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò gbọ́ ọ kí wọ́n dárúkọ ọmọ Down nínú ìtàn náà, nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n ní orúkọ yẹn nígbà náà. N kò rí ìdí tí a ó fi yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má sì jẹ́ kí á máa tan ara wa jẹ pé gbogbo ayé àtijọ́ ló dára. Láàárín àwọn Bàrìbá ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà, ọmọ tó bá ti ẹsẹ̀ wáyé tàbí tó hu eyín òkè ṣáájú ni wọ́n ń kà sí àjẹ́, wọ́n sì ń pa wọ́n tàbí kí wọ́n fi wọ́n tọrẹ. Ní àríwá Ghana, láàárín àwọn Kasena-Nankana, ọmọ tó bá ní àbùkù ni wọ́n ń pè ní ọmọ iwin. Ọdún 2013 ni àwọn olóyè wọn kéde pé àwọn ti fòpin sí fífún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní májèlé. Àwa náà ní òwe kan tí n kò fẹ́ràn létí abiyamọ: ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ìyá nìkan ni òwe yẹn di ọmọ náà lé. Ibo ni bàbá wà? Ibo ni agbo ilé wà?

Ẹ jẹ́ kí á padà síbi ìbéèrè bàbá: ẹbọ wo ni àyẹ̀wò ń fúnni? Kò sí ẹbọ tó ń yọ fọ́nrán kẹta kúrò lára ọmọ. Mo bi bàbá bẹ́ẹ̀ gan-an, ó ní, "Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, olè ni." Mo gbóríyìn fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó fún aláṣejù kan, ìbáà jẹ́ babaláwo, ìbáà jẹ́ wòlíì, kó lè yí ọmọ padà nínú oyún, ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àgbà. Ẹbọ wà fún kí ìyá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, kí ọmọ dé, kí ó dúró.

Ohun tí àyẹ̀wò ń fúnni ni àkókò. Nínú ọmọ Down méjì, ọkàn ọ̀kan lè ní ihò tàbí kó ṣe ségesège láti inú oyún. Àwọn mìíràn wà tí ìfun wọn dí, tí wàrà kò ní lè kọjá, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá dáyé. Ẹni tó bá mọ̀ ṣáájú kò ní bí ọmọ rẹ̀ síbi tí kò ti sí dókítà ọmọdé. Ní Ayewa, ọ̀nà Kàbbà sí Lọ́kọ́ja, tó gba Òbájánà tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ti kún títì, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń gbé ọmọ tuntun tí kò lè mí dáadáa gbà lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ lóṣù karùn-ún lè lọ dúró sọ́dọ̀ ẹbí ní Lọ́kọ́ja tàbí ní Ìlọrin, nítòsí ọsibítù ńlá, kí ọjọ́ tó pé. Ìtọ́jú yìí kì í ṣe kékeré: ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1983, bíi ọdún 25 ni ọmọ Down ń lò láyé, lónìí wọ́n ń tó bí ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ abẹ ọkàn sì wà lára ohun tó fà á.

Ohun mìíràn wà tó ń dí wa lọ́wọ́ nílé, ìyẹn sì ni ìpamọ́. Obìnrin wa kì í sọ oyún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta fún ẹnikẹ́ni. Ayé le, wọ́n á ní kí ikùn kọ́kọ́ yọ. Púpọ̀ kì í fẹsẹ̀ kan ọsibítù kí oyún tó pé oṣù márùn-ún. Nígbà yẹn, scan ẹ̀yìn ọrùn ti kọjá. N kò ní sọ pé kí ẹ ṣí oyún yín síta láàárín ọjà. Èmi náà mọ ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀dọ̀ babaláwo lọ lóru nígbà tí oyún kò tíì pé oṣù méjì, ẹ lè gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ bákan náà. Òun náà mọ àṣírí í pa mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní nǹkan òyìnbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. A. Adeyokunnu ka àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní UCH, Ìbàdàn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1982: ọ̀kan nínú ọmọ 865 ló ní Down syndrome. Ọsibítù kan ni, àmọ́ ẹ fi ṣe ìṣirò: nínú ọmọ mílíọ̀nù méje, ó lé ní 8,000. Ní Èkó, láti àárín àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akinyanju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bu lára ibi ọmọ láti mọ̀ bóyá ọmọ inú oyún jẹ́ SS, wọ́n sì kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1999. Àwọn tọkọtaya AS tó lọ síbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n. Ìbéèrè tí ìdílé Ayewa ń bi lónìí, wọ́n ti bi í nígbà náà. Àyẹ̀wò NIPT náà ti ṣeé ṣe ní àwọn ìlú ńlá wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kì í ṣe owó àgbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí òkè òkun. Fún ẹni tó bá ti bí ọmọ náà, Down Syndrome Foundation Nigeria tí Rose Mordi dá sílẹ̀ wà ní Èkó. Ìjọba àpapọ̀ náà ti ní òfin láti oṣù kìíní ọdún 2019 tó kà á léèwọ̀ láti fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ du ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e ní abúlé, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ pè mí lọ́jọ́ Sunday. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún bàbá mi pé mi ò gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ apá mi ni wọ́n gbà, wọn ò dé ibi tí Òrìṣà ti ń ṣiṣẹ́." Ó ní òun àti ọkọ òun ti sọ ọ́ láàárín ara àwọn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà pé, ohun yòówù kó jẹ́, àwọn á bí i, àwọn kàn fẹ́ mọ irú ọsibítù tí àwọn á lọ ni, àti bóyá kí ìyá òun tètè wá. Mo fẹ́ràn pé wọ́n sọ ọ́ ṣáájú. Ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tí yóò fi èsì ṣe, ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ti ọkọ rẹ̀ kó tó na apá sílẹ̀. Ìyàwó mìíràn lè jókòó bẹ́ẹ̀ kó sọ pé òun ò fẹ́ mọ̀, ìyẹn náà tọ̀nà, kò sì sí dókítà tó lè fi dandan mú un.

Èsì rẹ̀ ti dé. Tiwọn ni, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Bàbá ti dá Ifá mìíràn. Ìyá ti ra aṣọ funfun àti ẹfun, ó sì bi mí bóyá òun lè gbé ìgbín mẹ́rin sínú báàgì lọ sí London, kí wọ́n lè bọ Òrìṣà lọ́jọ́ tí ọmọ bá dé. Mo ní aṣọ funfun kò léwu, kí ẹfun wà nínú ọ̀rá tó mọ́, àmọ́ àwọn aṣọ́bodè kò ní jẹ́ kí ìgbín wọlé. Kí wọ́n fi ìgbín sílẹ̀ ní Ayewa. Ojúbọ wà níbẹ̀, omi tútù wà níbẹ̀, bàbá ọmọ náà sì wà níbẹ̀ tí yóò bọ ọ́.